Ẹ Bi Wá, A Ó Fèsì: Dáàmù oníyẹ̀pẹ̀ tó wà lóko yín, ṣé ó ń gba ará ìsàlẹ̀ odò lọ́wọ́ àgbàrá?

Ẹ kú òjò o, ẹ̀yin òǹkàwé wa. Látìgbà tí òjò ti gbára dì lọ́dún yìí ni lẹ́tà nípa dáàmù ti ń wọlé ṣáá, kì í ṣe dáàmù ńlá ti ìjọba o, èyí táwọn èèyàn fúnra wọn fi katapílà mọ sójú odò kékeré nínú oko wọn ni. Torí náà ọ̀rọ̀ ẹ̀gẹ́ àti kòkó dúró ná, dáàmù nìkan la máa sọ lọ́tẹ̀ yìí. Mo ti gé àwọn lẹ́tà náà kúrú, mo sì ti yọ orúkọ kúrò, torí ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀ tó lè dá ìjà sílẹ̀ láàárín àdúgbò.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Oko ẹja ni mo ń ṣe lẹ́yìn Ìbàdàn níbí. Mo fi yẹ̀pẹ̀ dí odò kékeré kan tó gba inú ilẹ̀ mi kọjá, omi tó dúró lẹ́yìn ẹ̀ á tó hẹ́kítà kan dáadáa. Àwọn ará abúlé tó wà nísàlẹ̀ ń pariwo pé dáàmù mi ló ń fa omi tó ń wọlé wọn, èmi sì ń sọ fún wọn pé ká ní kì í ṣe dáàmù mi ni, omi ì bá ti gbé wọn lọ tipẹ́, torí èmi ni mò ń bá wọn dá a dúró. Ta ló jàre nínú wa? Ẹ̀ẹ̀kejì, mo fẹ́ ta nẹ́ẹ̀tì sí ojú ibi tí omi àkúnya ń gbà jáde, torí àrọ̀ àti tìlápíà mi ń bá omi lọ tí òjò bá ti pọ̀. Irú nẹ́ẹ̀tì wo ló dáa? — *Ẹlẹ́ja, ẹ̀yìn Ìbàdàn*

ÈSÌ: Ẹ̀gbọ́n wa, ẹ ṣé gan-an tẹ́ ẹ kọ̀wé. Ẹ jẹ́ ká fi ìṣirò dá ẹjọ́ yìí, torí tá a bá ní ká fi ẹnu lásán jà á, ilẹ̀ á ṣú. Mílímítà òjò kan tó bá rọ̀ sórí ilẹ̀ tó jẹ́ mítà kan níbùú lóròó, lítà omi kan nìyẹn. Ẹ wá ro ó pé ilẹ̀ tí àgbàrá ẹ̀ ń ṣàn wá sínú odò yín gùn tó kìlómítà 2, ó sì fẹ̀ tó kìlómítà 1, ìyẹn ò sì pọ̀ rárá fún odò kékeré. Tí òjò 100 mílímítà bá rọ̀ sí i, tí ilẹ̀ bá mu èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀, tó wá jẹ́ pé ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún péré ló ṣàn sódò, omi tó ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín jẹ́ 80,000 kúbíìkì mítà. Tánkà omi tó ń gbé lítà 10,000, irú èyí tá a máa ń pè wá síbi ìkọ́lé, 8,000 irú ẹ̀ ló ń bọ̀ yẹn. Ní tiyín, omi yín fẹ̀ tó hẹ́kítà kan, ká ní àyè tó ṣófo láti ojú omi títí dé ibi tí àkúnya ti ń jáde jẹ́ àbọ̀ mítà, 5,000 kúbíìkì mítà lẹ lè gbà mọ́ra, ìyẹn tánkà 500. Ẹ ti gba 500 nínú 8,000. Ìdá kan nínú mẹ́rìndínlógún.

Ìyẹn náà tí àyè bá wà o. Ẹlẹ́ja wo ló ń fi àyè sílẹ̀ nínú omi ẹ̀? Omi púpọ̀ ni ẹja ń fẹ́, ọwọ́ ẹ̀ẹ̀rùn ni gbogbo wa sì máa ń rántí tá a bá rí omi. Torí náà òjò oṣù kẹta sí ìkẹrin, nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn ti fa omi yín sílẹ̀, ẹ̀ ń gbà á mọ́ra lóòótọ́, àwọn ará abúlé ò sì ní mọ̀ pé ẹ ṣe wọ́n lóore. Ṣùgbọ́n ìgbà yẹn kọ́ ni omi máa ń pa èèyàn. Ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980 ni Ògùnpa ya wọ ìgboro Ìbàdàn, ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011 ni òjò tó lé ní 180 mílímítà rọ̀ láàárín wákàtí díẹ̀ ní Ìbàdàn kan náà, tí ó lé ní ọgọ́rùn-ún èèyàn bá a lọ. Ìparí oṣù kẹjọ ni méjèèjì. Nígbà yẹn ilẹ̀ ti mu omi yó, dáàmù yín ti kún dẹ́nu, garawa tó bá sì ti kún lábẹ́ ọ̀ṣọ̀rọ̀, gbogbo n tó bá tún kán sí i ló máa dà nù.

Kí n má bàa parọ́ mọ́ dáàmù yín, kì í ṣe pé kò ṣe nǹkan kan tó bá kún. Bí àgbàrá bá ṣe ń wọlé, omi á kọ́kọ́ gbèrú káàkiri ojú hẹ́kítà kan yẹn kó tó rí ọ̀nà jáde, ìyẹn á dín ipá ẹ̀ kù díẹ̀, á sì fi ìṣẹ́jú díẹ̀ kún àkókò tó máa fi dé abúlé. Fún òjò tí kò tó nǹkan, àwọn ará ìsàlẹ̀ lè rí ìyàtọ̀. Fún òjò ńlá, wọn ò ní rí i. Torí náà, ẹ ò jàre tán, àwọn náà ò jàre tán. Dáàmù yín ò dá omi tí kò sí lójú ọ̀run, àmọ́ ẹ bi ara yín bóyá ẹ̀yin tàbí àwọn ọmọ iṣẹ́ yín ti fìgbà kan ṣí páìpù ìsàlẹ̀ lóru torí ẹ̀rù ń bà yín pé ògiri á ya. Tó bá ti ṣẹlẹ̀ rí, a jẹ́ pé lọ́jọ́ yẹn omi tiyín ti lọ kún àgbàrá tó ń bọ̀ lọ́dọ̀ wọn, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni ò ránṣẹ́ sí wọn. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an ni wọ́n ń sọ.

Ǹjẹ́ dáàmù kékeré oníyẹ̀pẹ̀ lè dènà omíyalé gidi? Ó lè ṣe é, wọ́n ti ṣe é. Ní ìpínlẹ̀ Oklahoma ní Amẹ́ríkà, ní agbègbè odò Washita, ọdún 1948 ni wọ́n parí àkọ́kọ́ irú ẹ̀, Cloud Creek, nítòsí ìlú Cordell. Ó ti lé ní 2,000 ní Oklahoma nìkan báyìí, gbogbo Amẹ́ríkà lápapọ̀ sì ń lọ sí 12,000. Èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀ wà lórí ilẹ̀ àgbẹ̀ aládàáni, ìjọba bá wọn ṣe é, àgbẹ̀ fi ilẹ̀ sílẹ̀. Ibi tí wọ́n ti yàtọ̀ sí tiyín ni pé àyè tó ṣófo ni wọ́n torí ẹ̀ mọ dáàmù náà. Ojú páìpù tí omi ń bá jáde lójoojúmọ́ wà nísàlẹ̀, omi tó dúró kì í kọjá ibẹ̀, gbogbo òkè ẹ̀ títí dé ọ̀nà àkúnya ni wọ́n fi sílẹ̀ ní òfìfo de ọjọ́ tí òjò ńlá bá dé. Tí òjò ọ̀hún bá dé, ó máa kún, páìpù á wá máa dà á jáde díẹ̀díẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, nígbà míì tó ọjọ́ 10, odò ìsàlẹ̀ á sì rọra gbé e lọ. Ìdí nìyẹn tó fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, torí ọ̀kan ṣoṣo ò lè ṣe nǹkan kan, afi kí púpọ̀ wà lórí gbogbo ẹ̀ka odò náà.

Tẹ́ ẹ bá wá fẹ́ kí tiyín ṣiṣẹ́ bẹ́ẹ̀, n tí mo máa ní kẹ́ ẹ ṣe rèé. Ẹ pe ẹnjiníà kó bá yín gbé ojú páìpù yín sílẹ̀, kí omi ìgbà gbogbo wà ní mítà kan sísàlẹ̀ ọ̀nà àkúnya. Ẹja yín á fara da á tí dáàmù náà bá jìn tó. Tẹ́ ẹ bá ti rí i pé ìgbà òjò ńlá ń sún mọ́lé tí omi yín sì ti kún, ẹ má dúró dìgbà tí òjò bá dé kẹ́ ẹ tó ṣí i, ẹ ti máa fà á sílẹ̀ láti ọjọ́ mélòó kan ṣáájú, ẹ rọra ṣe é, kí omi má lọ sílẹ̀ ju nǹkan bí 30 sentimítà lọ lójúmọ́, torí tẹ́ ẹ bá fà á lójijì, ara ògiri tó wà nínú omi tó ti mumi yó lè ya lulẹ̀. Ẹ tún gba nọ́ńbà ẹni mẹ́ta sí mẹ́rin lábúlé yẹn, kẹ́ ẹ sì pè wọ́n kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan páìpù. Ìjà ọdún púpọ̀ lè tán síbi ìpè yẹn.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ nẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀gbọ́n, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ má ta nẹ́ẹ̀tì kankan síbẹ̀. Ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania ní Amẹ́ríkà, dáàmù oníyẹ̀pẹ̀ kan wà tí wọ́n ń pè ní South Fork, ó ga tó nǹkan bíi mítà 22, ẹgbẹ́ àwọn olówó kan ló ni ín, Andrew Carnegie tó ni iléeṣẹ́ irin wà lára wọn, ẹja pípa àti ìgbafẹ́ ni wọ́n ń lò ó fún. Kí ẹgbẹ́ yẹn tó rà á ni wọ́n ti yọ àwọn páìpù irin ìsàlẹ̀ ẹ̀ kúrò, àwọn náà ò sì dá a padà, torí náà kò sí ọ̀nà tí wọ́n lè gbà fa omi ẹ̀ sílẹ̀. Wọ́n gé orí ògiri náà wálẹ̀ kí kẹ̀kẹ́ ẹṣin lè ráyè gba orí ẹ̀ kọjá. Wọ́n wá fi asẹ́ onírin sí ojú ọ̀nà àkúnya kí ẹja wọn má bàa jáde lọ. Ohun tẹ́ ẹ fẹ́ ṣe yìí gan-an. Ní ọjọ́ 31 oṣù karùn-ún ọdún 1889 òjò ńlá rọ̀, ewé, ẹ̀ka igi àti pàǹtírí dí ojú asẹ́ yẹn, àwọn òṣìṣẹ́ sáré kiri wọn ò rí i tú, omi gun orí ògiri, ó sì gbé e lọ lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Omi yẹn sọ̀ kalẹ̀ lu ìlú Johnstown, ó lé ní 2,200 èèyàn tó kú. Mi ò sọ pé asẹ́ nìkan ló fà á, àmọ́ asẹ́ wà lára ẹ̀.

Ohun tó ń jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀ ni pé yẹ̀pẹ̀ kì í ṣe kọnkéré. Omi lè gun orí kọnkéré kó sì ṣàn kọjá, tó bá gun orí yẹ̀pẹ̀, ẹ̀yìn ògiri ló máa kọ́kọ́ máa bó sílẹ̀, á gbẹ́ kòtò kékeré, kòtò á máa jẹ ògiri wọnú lọ síhà omi, láàárín wákàtí díẹ̀ gbogbo ẹ̀ á ti là. Ọ̀nà àkúnya yín ni ẹ̀mí dáàmù yẹn. Ẹ fi ẹja tẹ́ ẹ fẹ́ tà sínú kéèjì, tàbí kẹ́ ẹ gbẹ́ ìkudù sẹ́gbẹ̀ẹ́ odò, kẹ́ ẹ fi páìpù fa omi dáàmù wọ inú ẹ̀, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti máa sin àrọ̀ yín, omíyalé ò ní kó wọn. Èyí tó bá bá omi lọ nínú dáàmù, ẹ jẹ́ kó máa lọ.

ÌBÉÈRÈ: Bàbá wa ló ṣe dáàmù kan sóko ní ìgbà ayé wọn, a ti ń lò ó fún àwọn màlúù àti fún bíbomirin ewébẹ̀. Igi ti hù sórí ògiri ẹ̀, ọ̀pẹ wà níbẹ̀, àwọn àbúrò mi náà gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ síbẹ̀ torí ilẹ̀ ibẹ̀ máa ń tutù. Lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí, mo rí i pé omi ń sun lẹ́yìn ògiri lápá ìsàlẹ̀. Ṣé kí n po símẹ́ńtì kí n fi dí i? — *Àgbẹ̀, ìtòsí Ṣakí*

ÈSÌ: Àbúrò mi, ẹ má dí i. Ẹ kọ́kọ́ lọ fi kọ́ọ̀bù tó mọ́ gbe omi yẹn, kẹ́ ẹ gbé e sójú oòrùn wò. Tí omi ẹ̀ bá mọ́ lóló, tí kò sì pọ̀ sí i láti ọjọ́ dé ọjọ́, ìyẹn kì í ṣe nǹkan ìbẹ̀rù púpọ̀, kò sí ògiri yẹ̀pẹ̀ tí omi kì í sun díẹ̀ lára ẹ̀. Tó bá rú, tó bá dà bí omi tí wọ́n fi fọ ọwọ́ tó lẹ́rẹ̀, a jẹ́ pé yẹ̀pẹ̀ inú ògiri ló ń bá omi jáde, ihò ti ń là nínú ẹ̀ láti ẹ̀yìn lọ síwájú, tí ihò yẹn bá fi lè kan omi dáàmù, ọ̀rọ̀ wákàtí ló kù. Ẹ fi òkúta sàmì sí ibi tí omi ń dé, ẹ máa wò ó láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́.

Tó bá jẹ́ omi rírú, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í fa omi dáàmù sílẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, ẹ pe ẹnjiníà, ẹ kìlọ̀ fáwọn tó wà nísàlẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fi símẹ́ńtì dí ojú ẹ̀, omi ò ní dúró, ibòmíì ló máa wá gbà, ó sì lè jẹ́ ibi tẹ́ ẹ ò ní rí. N tí wọ́n máa ń ṣe ni pé wọ́n á da iyanrìn tó mọ́ lé ojú ibi tó ti ń sun, wọ́n á wá da òkúta wẹ́wẹ́ lé e, lẹ́yìn náà èyí tó tóbi jù ú lọ. Omi á rí ọ̀nà jáde, yẹ̀pẹ̀ ò ní lè bá a jáde. Ìyẹn wà fún kẹ́ ẹ fi ra àkókò ni, kì í ṣe àtúnṣe.

Ní ti igi, gbòǹgbò ló ń ṣe é. Igi tó bá wà láàyè ń ti gbòǹgbò wọnú ògiri lọ wá omi, tí igi yẹn bá kú, gbòǹgbò á jẹrà, ihò tó fi sílẹ̀ á di páìpù. Tí ìjì bá sì wó igi ńlá, á hú yẹ̀pẹ̀ ògiri tọwọ́tẹsẹ̀. Àwọn kéékèèké, ẹ gé wọn ká, ẹ máa gé wọn lọ́dọọdún. Àwọn ńlá àti ọ̀pẹ wọ̀nyẹn, ẹ má hú gbòǹgbò wọn nígbà tí omi bá kún, afi nínú ẹ̀ẹ̀rùn tí omi bá ti lọ sílẹ̀, kí ẹnjiníà sì wà níbẹ̀, torí kòtò tẹ́ ẹ bá hú síbẹ̀ ẹ gbọ́dọ̀ fi amọ̀ dí i, kẹ́ ẹ máa kì í mọ́lẹ̀ ní ìpele ìpele. Ẹ sọ fáwọn àbúrò yín kí wọ́n kó ọ̀gẹ̀dẹ̀ wọn kúrò lórí ògiri o, mo mọ̀ pé wọ́n á bínú, àmọ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ kì í jẹ́ kéèyàn rí ìdí ògiri, ibẹ̀ sì ni òkété máa ń fẹ́ràn láti gbẹ́ ilé sí. Òkété kan lè gbẹ́ ihò tó gùn ju bẹ́ ẹ ṣe rò lọ. Akàn náà ń gbẹ́ ẹ, ikán ń ṣe bẹ́ẹ̀. Koríko kúkurú tó ń fà nílẹ̀ ló yẹ orí ògiri, irú kápẹ́ẹ̀tì yẹn, torí ó di yẹ̀pẹ̀ mú, ẹ̀ẹ́ sì rí gbogbo ihò tó bá yọjú. Ẹ má jẹ́ kí màlúù máa gun orí ẹ̀ lọ mumi mọ́, ojú ọ̀nà màlúù yẹn ló máa kọ́kọ́ rẹlẹ̀ jù lórí ògiri, ibẹ̀ sì ni omi máa kọ́kọ́ gbà kọjá.

ÌBÉÈRÈ: Ìyálé ilé ni mí, oko ẹnìkan wà lókè wa tí wọ́n ní dáàmù ńlá oníyẹ̀pẹ̀. A kì í sùn tí òjò bá ń rọ̀ lóru. A bá wọn sọ ọ́, wọ́n ní ilẹ̀ àwọn ni, àwọn lè ṣe n tó bá wu àwọn síbẹ̀. Ṣóòótọ́ ni? Ta la lè fẹjọ́ sùn? — *Abiyamọ kan, ìpínlẹ̀ Ògùn*

ÈSÌ: Ìyá wa, ẹ pẹ̀lẹ́ o, Ọlọ́run ò ní jẹ́ ká rí ibi. Ẹ̀rù tó ń bà yín kì í ṣe ẹ̀rù lásán, ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni fi yín ṣe ẹlẹ́yà. Ní Kenya, ọjọ́ 9 oṣù karùn-ún ọdún 2018, dáàmù Patel tó wà nínú oko aládàáni kan ní Solai, ní agbègbè Nakuru, ya lẹ́yìn òjò ọ̀sẹ̀ bí mélòó kan, ó kéré tán èèyàn 47 ló kú, ọmọdé pọ̀ nínú wọn. Alẹ́ ni. Ní ọdún 1977, ọjọ́ 6 oṣù kọkànlá, dáàmù Kelly Barnes ní ìlú Toccoa, ìpínlẹ̀ Georgia ní Amẹ́ríkà, ya ní nǹkan bí aago kan ààbọ̀ òru, ó sọ̀ kalẹ̀ sórí ilé ẹ̀kọ́ Bíbélì tó wà nísàlẹ̀, ilé ẹ̀kọ́ náà ló sì ni dáàmù ọ̀hún o, èèyàn 39 ló bá a lọ. Igi wà lórí ògiri yẹn, ẹ̀yìn ẹ̀ ga ṣánṣán jù, òjò sì ti rin ín. Àwọn tó ṣèwádìí ò lè fọwọ́ sọ̀yà pé ohun kan ṣoṣo ló fà á. Lẹ́yìn ẹ̀ ni Ààrẹ Jimmy Carter, tóun náà jẹ́ ọmọ Georgia, pàṣẹ pé kí wọ́n lọ yẹ àwọn dáàmù tí kì í ṣe ti ìjọba àpapọ̀ wò káàkiri. Ní erékùṣù Kauai ní Hawaii náà, oṣù kẹta ọdún 2006, dáàmù aládàáni kan tó ń jẹ́ Ka Loko ya, èèyàn méje kú. Òun náà, wọ́n wá ọ̀nà àkúnya ẹ̀ títí, wọn ò rí i.

Ti pé ilẹ̀ wọn ni, wọ́n lè ṣe n tó bá wù wọ́n síbẹ̀, rárá o. Ẹjọ́ kan wà tí wọ́n dá nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1868, Rylands àti Fletcher. Rylands ní kí wọ́n bá òun gbẹ́ adágún omi tí ilé iṣẹ́ òun á máa lò ní Lancashire, omi yẹn gba inú ihò ìwakùsà àtijọ́ kan lábẹ́ ilẹ̀, ó ya wọ ibi tí Fletcher ti ń wa èédú. Rylands ò mọ̀ pé ihò wà níbẹ̀, àwọn tó gbé iṣẹ́ fún ló ṣe é, síbẹ̀ ilé ẹjọ́ ní òun ló máa san gbogbo ẹ̀, torí òun ló kó n tó lè pa ẹlòmíì lára jọ sórí ilẹ̀ ẹ̀. Àwọn ilé ẹjọ́ wa ní Nàìjíríà ń tẹ̀ lé ìlànà yẹn dòní. Ẹ sọ fún lọ́yà kó kọ lẹ́tà sí wọn, kó dárúkọ ẹjọ́ yìí síbẹ̀, ìwà wọn lè yí padà lọ́sẹ̀ yẹn gan-an.

Ẹ má dúró ti lọ́yà nìkan. Ẹ kọ̀wé sí ìjọba ìbílẹ̀ yín àti àjọ tó ń rí sí pàjáwìrì ní ìpínlẹ̀, kẹ́ ẹ sì fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí Ogun-Oshun River Basin Development Authority, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ odò lágbègbè yín, ní Abẹ́òkúta. Ẹ kọ ohun tẹ́ ẹ rí, ẹ má kọ ohun tẹ́ ẹ gbọ́: bóyá ògiri ti là, bóyá apá kan ẹ̀ ti wọlẹ̀, bóyá omi rírú ń jáde nídìí ẹ̀, bóyá kò ní ọ̀nà àkúnya rárá. Ẹ ya fọ́tò sí i, kẹ́ ẹ kọ ọjọ́ tẹ́ ẹ yà á. Láàárín ara yín, ẹ mú ẹni méjì tí ilé wọn sún mọ́ òkè jù, kí wọ́n máa ṣọ́ odò tí òjò bá pọ̀ lóru, kẹ́ ẹ fohùn ṣọ̀kan lórí agogo tàbí fèrè tí gbogbo èèyàn bá gbọ́ tí wọ́n á gba òkè lọ. Tí odò bá ń ru gùdù lójijì láìsí pé òjò pọ̀ sí i, tàbí tó bá fà sílẹ̀ lójijì nígbà tí òjò ṣì ń rọ̀, ẹ má dúró kó ẹrù, ẹ gbé àwọn ọmọ gun òkè, kẹ́ ẹ pe 112, nọ́ńbà pàjáwìrì.

ÌBÉÈRÈ: Àwa ọ̀dọ́ abúlé wa ti dá owó jọ, a fẹ́ gbé katapílà wá kó fi yẹ̀pẹ̀ dí odò lókè kí omi má bàa wọlé mọ́. Awakọ̀ katapílà ní ọjọ́ méjì lòun máa fi ṣe é. — *Ọ̀dọ́, ìpínlẹ̀ Èkìtì*

ÈSÌ: Ẹ kú akitiyan o, àmọ́ ẹ dá katapílà yẹn dúró ná. Ẹni tó bá ní ọjọ́ méjì lòun máa fi mọ dáàmù, òkìtì yẹ̀pẹ̀ ló fẹ́ kó jọ. Wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ho koríko àti ilẹ̀ dúdú ojú ibẹ̀ kúrò pátápátá, kí wọ́n gbẹ́ yàrà sábẹ́ ibi tí ògiri máa jókòó sí títí wọ́n á fi kan ilẹ̀ líle tí omi kì í gbà kọjá, kí wọ́n fi amọ̀ kún un padà. Lẹ́yìn náà kí wọ́n máa da amọ̀ ní ìpele tí kò ju 15 sí 20 sentimítà lọ, kí rólà ẹlẹ́sẹ̀ àgùntàn, ìyẹn rólà onírin tí kókó yọ káàkiri ara ẹ̀, máa gun orí ẹ̀ kó tó kan ìpele tó tẹ̀ lé e, kí amọ̀ yẹn sì tutù níwọ̀n, kó má gbẹ jù, kó má sì rin gbingbin. Ara ògiri gbọ́dọ̀ dagun: tó bá ga ní mítà kan, kó nà tó mítà mẹ́ta lápá omi, kó sì nà tó méjì sí méjì ààbọ̀ lẹ́yìn. Ọ̀nà àkúnya, ẹ̀gbẹ́ ni kí wọ́n gbẹ́ ẹ sí nínú ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò tíì wú rí, kì í ṣe lórí yẹ̀pẹ̀ tí wọ́n dà, kí orí ògiri sì ga ju ojú ẹ̀ lọ tó mítà kan. Ibi tí páìpù bá ti gba inú ògiri kọjá ni omi máa ń fẹ́ràn láti tọ̀, torí náà ẹ má gbà kí wọ́n kàn tẹ́ páìpù síbẹ̀ kí wọ́n sì wọ́ yẹ̀pẹ̀ lé e.

Kẹ́ ẹ tó ṣe gbogbo ìyẹn, ẹ padà síbi ìṣirò tí mo ṣe fún ẹlẹ́ja lókè yẹn, ẹ wo bí ilẹ̀ tó ń da omi sínú odò yín ṣe tóbi tó àti iye omi tí ibi tẹ́ ẹ fẹ́ dí lè gbà. Ó ṣeé ṣe kẹ́ ẹ rí i pé dáàmù kan ò lè gbà yín, pé owó yẹn á ṣe yín láǹfààní jù tẹ́ ẹ bá fi la ojú odò tó ti dí, tẹ́ ẹ fi fẹ gọ́tà abẹ́ títì tó kéré jù, tẹ́ ẹ sì bá àwọn tó kọ́lé sójú omi sọ̀rọ̀. Tí ìṣirò bá wá sọ pé dáàmù ló kàn, ẹ wá ẹnjiníà tí COREN, àjọ tó ń ṣàkóso iṣẹ́ ẹnjiníà ní Nàìjíríà, fọwọ́ sí kó yà á fún yín, kẹ́ ẹ sì kọ orúkọ ẹni tí á máa gé koríko ẹ̀, tí á máa yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn òjò kọ̀ọ̀kan, sínú ìwé kí katapílà tó dé.